Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí nínú ọkọ̀ tí kò rìn, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni èmi náà ti máa ń kà á tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ obìnrin oníṣòwò kan ní Èkó. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, èmi kò sì ní í dá a. Ohun tí ó wí kò ju èyí lọ: ó ti kó àjọ, owó náà sì tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré kan. Ìrìn àárín ilé sí ọjà ti sú u. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó ra ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ní kí ó fi owó náà kún ọjà. Ó wá ní kí Tísà bá òun dá sí i.

Bí ó bá ṣe pé ìgbà kan rí ni ó bi mí ní ìbéèrè yìí, ǹ bá ti dáhùn kíákíá pé, "Màmá, ẹ ra ọkọ̀!" Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí nǹkan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Nítorí náà, kí n tó dá màmá yìí lóhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ará ilé mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé ènìyàn dé ọjà, ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ìkòròdú ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé nígbà náà pẹ̀lú àwọn ìbejì wa, Táyé àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà ní Yaba. Ìsọ̀ aṣọ ìyàwó mi wà ní Ọ̀yìngbò. Kí ni ó wá gbé wa dé Ìkòròdú? Owó ilé ni. Tísà tí ó bá ní òun yóò gba yàrá méjì àti pálọ̀ ní Yaba, díẹ̀ ni kò ní í fi ta ẹ̀wù ọrùn rẹ̀. Ní Ìkòròdú, ilé wà, atẹ́gùn ń fẹ́, onílé wa sì jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. A yọ̀ pé a rí ilé olówó pọ́ọ́kú. A kò mọ̀ pé ìdajì owó ilé náà ni à ń san fún onílé, ojú ọ̀nà ni ó ń gba ìdajì yòókù lọ́wọ́ wa.

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a máa ń jí. Bí ó bá di agogo márùn-ún, a ti wà ní ibùdókọ̀. Àwọn ọmọ a máa sùn lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń jáde. Màmá alákàrà kan tí ó wà ní yàrá iwájú ni ó ń bá wa jí wọn, òun ni ó ń wẹ̀ fún wọn, òun náà ni ó ń mú wọn lọ sí ilé-ìwé. Bí ọ̀nà bá dára, n ó dé Yaba ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n bí tírélà kan bá dákú sí Mile 12, tàbí bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ìgbà tí n ó dé. Bí mo bá kúrò ní ilé-ìwé ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni n ó tó fi ojú kan ilé, bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, n kì í lè rí nọ́ńbà kí n má rò ó. Mo mú gègé, mo rò ó pọ̀. Wákàtí 5 lójúmọ́, wákàtí 25 lọ́sẹ̀. Bí a bá ka ọ̀sẹ̀ 39 tí ilé-ìwé fi ń ṣí lọ́dún, ó di wákàtí 975. Mo fi 24 pín in, mo rí ọjọ́ 40 àti wákàtí 15, tọ̀sán tòru. Ogójì ọjọ́! Iye ọjọ́ tí òjò fi rọ̀ nígbà ayé Nóà ni mo fi ń jókòó sínú ọkọ̀ lọ́dọọdún, n kò sì rí òkè Árárátì kankan gúnlẹ̀ sí.

Ohun kan wà tí ó tilẹ̀ tì mí lójú ju èyí lọ. Mo ti fi ìkúnlẹ̀ jẹ ọmọ kan níyà rí nítorí pé ó pẹ́ dé ilé-ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti ọmọ náà jọ dé ẹnu ọ̀nà ní agogo mẹ́jọ kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." N kò lè wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè ibi tí ọmọ ń gbé kí n tó béèrè ìdí tí ó fi pẹ́. Ẹ̀yin tísà ẹgbẹ́ mi, mo fi ìyẹn lé yín lọ́wọ́.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dé. Ọkùnrin kan wà ní òdìkejì òpópó wa tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Surulere. Ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń dán, ó sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bàbá Onímọ́tò ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ní òwúrọ̀, bí òun bá gba iwájú wa kọjá nígbà tí àwa ń fi orí gbá òjò lọ sí ibùdókọ̀, ìyàwó mi a mí kanlẹ̀. A ní, "Bàbá Ìbejì, ìgbà wo ni àwa náà yóò bọ́ lọ́wọ́ kọ̀ndọ́?" Kí ni n ó sọ? Ọkùnrin ni mí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ nìyẹn. Ìyàwó mi ń dá tirẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ ọjà, èmi ń fi tèmi sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa tísà. Ọdún méjì ni a fi ṣe é. A jẹ ẹ̀bà tí kò ní ẹran nítorí mọ́tò.

Owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan dé ní oṣù keje ọdún 2024. Agogo méjì ti kọjá díẹ̀, mo wà ní kíláàsì, ni fóònù mi dún. Màmá alákàrà ni. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má jáyà o. Ara Kẹ́hìndé gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Wọ́n pè mí láti ilé-ìwé wọn, mo sì ti gbé e sẹ́yìn. Ọsibítù ni mò ń lọ yìí. Mo ti pe ìyá rẹ̀."

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà wa, mo sáré dé ibùdókọ̀ Fádèyí. Mo tò sí ìlà àwọn tí ń dúró de bọ́ọ̀sì ńlá, èyí tí à ń pè ní BRT. Ìlà náà gùn. Màmá kan tí ó di ẹrù aṣọ wà lẹ́yìn mi. Ó rí ẹfun ìkọ̀wé lára ẹ̀wù mi, ó ní, "Olùkọ́, kí ló dé tí ẹ ń gbọ̀n báyìí?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọmọ náà. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀."

Bí ó ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni mo gbọ́ fèrè ọkọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, Bàbá Onímọ́tò ni! Ó sọ fèrèsé kalẹ̀, ó ní, "Tísà, ṣé ilé ni? Ẹ wọlé kíá!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ayọ̀ kún inú mi. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Mo fi ìlà sílẹ̀. Màmá ẹlẹ́rù aṣọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olùkọ́, orí yín mà dára o!" Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo wo aago mi dáadáa.

Láti Fádèyí dé Maryland, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lójú, àga rọ̀ bí òwú. Mo ń sọ nínú ara mi pé bí a bá ti kó àjọ, a kò ní í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí a ó fi ra tiwa. A dé Òjótà, a dúró. Mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di ọgbọ̀n. Àwọn ọmọ tí ń ta gàárì àpò kékeré, omi tútù àti gúgúrú ń rìn kọjá láàárín àwọn ọkọ̀, wọ́n ń rìn yá ju àwa tí a jókòó sínú mọ́tò lọ. Mo pe ìyàwó mi, ó ní òun ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Mo pe màmá alákàrà, kò gbé e.

Nígbà tí ọkàn mi kò balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀ níwájú wa. Mo ka 30. Nínú ọgbọ̀n yìí, 22 ni ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó jókòó sínú rẹ̀. Nínú mẹ́jọ tí ó kù, mo ka ènìyàn 19. Gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 41. Ẹ gbọ́ o: ènìyàn mọ́kànlélógójì ni ó fi ọkọ̀ ọgbọ̀n dí ọ̀nà láti ibi tí mo wà títí dé ibi tí ojú mi kò ríran mọ́! Bọ́ọ̀sì ńlá kan ṣoṣo ìbá kó gbogbo wọn, àyè a sì tún ṣẹ́ kù.

Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀sì ńlá kan bá gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá fìì, ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n fi kọnkéré là sọ́tọ̀. Mo gbé ojú sókè. Ta ni mo rí lójú fèrèsé? Màmá ẹlẹ́rù aṣọ! Òun náà rí mi. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí mi. Mo gbé ọwọ́ tèmi náà sókè nínú atẹ́gùn tútù tí mo wà. Ojú tì mí, ẹkún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí, nítorí bọ́ọ̀sì tí mo fi sílẹ̀ ni.

Bàbá Onímọ́tò rí bí ojú mi ti rí. Ó pa rédíò, ó ní, "Tísà, ẹ má sọ fún ìyàwó mi o. Ọjọ́ tí n kò bá gbé ọkọ̀ yìí jáde ni mo máa ń tètè délé."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá dé tí ẹ ń gbé e?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, àwọn ará àdúgbò yóò ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó ń ná fún mi: epo bẹntiróò, mẹkáníìkì, táyà, ìwé ọkọ̀, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ rántí pé títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan kò tó 200 náírà ní Èkó. Nígbà tí ìjọba mú ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ìparí oṣù náà, ó fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bàbá Onímọ́tò ní láti ìgbà náà, ọkọ̀ náà ni ó ń jẹun nínú ilé òun, àwọn ọmọ ń jẹ àjẹkù rẹ̀.

Agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá alẹ́ ni mo dé ọsibítù. Wákàtí mẹ́rin gbáko! Ìyàwó mi ti débẹ̀ kí agogo márùn-ún ààbọ̀ tó lù. Wọ́n ti fa omi sí Kẹ́hìndé lára. Ibà ni. Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbé e wá. Ọmọ náà la ojú, ó wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé ojú ọ̀nà ni ẹ sùn sí ni?"

N kò rí èsì fọ̀. Màmá alákàrà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọyẹ̀fun ẹ̀wà ṣì wà ní apá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Obìnrin yìí kò ní mọ́tò, kò ní kẹ̀kẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní tí èmi bàbá ọmọ kò ní ni pé ó wà nítòsí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ọ̀nà Èkó, tí mo sì ń wá ìtàn rẹ̀ kiri nínú ìwé. Mo rí i pé ìlú yìí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn, ọdún náà ni wọ́n sì parí afárá Carter tí ó so Ìddó pọ̀ mọ́ Erékùṣù. Ní 1902, ọkọ̀ kékeré orí irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Ìddó wọ inú Erékùṣù, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1933 kí wọ́n tó pa á tì. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò ni a gbójú lé. Bí mọ́tò bá pọ̀, a ó kọ́ afárá. Bí afárá bá kún, a ó tún kọ́ òmíràn. A kọ́ afárá Èkó, tí ó parí ní 1975. A kọ́ Third Mainland tí ó gùn ju kìlómítà 10 lọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1990. Gbogbo ènìyàn ní ó tán. Lónìí, ẹ lọ wo orí rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni ń fi agbọ̀n pọn omi ni.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí ohun tí ìjọba ológun ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1980. Wọ́n ní kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ eéjì-eéjì máa rìn ní ọjọ́ tirẹ̀, kí èyí tí kò ṣeé pín sí méjì máa rìn ní ọjọ́ tirẹ̀. Wọ́n rò pé ìdajì ọkọ̀ yóò kúrò lójú ọ̀nà. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì! Ọ̀kan fún ọjọ́ eéjì, ọ̀kan fún ọjọ́ kejì. Ẹ rí i pé ọgbọ́n tí olúkúlùkù ń dá fún ara rẹ̀ nìkan ni ó ń di ìṣòro gbogbo wa.

Gómìnà Lateef Jakande, tí ó ṣàkóso Èkó láti 1979 sí 1983, rí èyí. Ó gbé ètò ọkọ̀ ojú irin inú ìlú kalẹ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní ìparí ọdún 1983, nígbà tí ó sì di 1985, ètò náà ti di ohun tí a fagi lé. Ẹ wò ó, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún kí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó gbé èrò àkọ́kọ́ láti Marina lọ sí Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Kìlómítà 13 péré ni. Láàárín ìgbà náà, ohun kan tí ó ràn wá lọ́wọ́ ni BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 dé CMS, tí wọ́n sì fà dé Ìkòròdú ní 2015. Òun ni ó gbé màmá ẹlẹ́rù aṣọ kọjá mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé mi. Nígbà tí Kẹ́hìndé gbádùn tán, àjọ wa pé. Èmi àti ìyàwó mi jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, owó wà láàárín wa. Mo rò pé yóò ní kí a lọ wo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni, ó mọ ìṣirò ju èmi tí mò ń kọ́ ọmọ lọ. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, àwọn tí ń wá ra aṣọ láti òkè, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń ná ọjà. Kí n tó dé, aládùúgbò mi ti tà fún wọn. Bí a bá ra mọ́tò, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò gbà. Owó yìí kò gbọdọ̀ lọ dùbúlẹ̀ sí Òjótà. Ẹ jẹ́ kí a fi í ra ìtòsí."

Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, báwo ni a ti ń ra ìtòsí?" Ó ní, "Ilé ni a ó wá, níbi tí ọ̀nà tí ó wọ ibẹ̀ kò ti jẹ́ ẹyọ kan."

Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line. Láti Agbádó ni ó ti ń bọ̀, ó gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Mushin àti Yaba, ó sì parí sí Ọ̀yìngbò. Ẹ gbọ́ ibi méjì tí ó gbẹ̀yìn yẹn! Ọ̀kan ni ilé-ìwé mi, èkejì ni ìsọ̀ ìyàwó mi. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 a kó lọ sí ẹ̀bá Ìjù.

N kò ní í purọ́ fún yín. Owó ilé náà ju ti Ìkòròdú lọ, yàrá sì dín ọ̀kan. Onílé wa tuntun a máa ka iye gọ́tà omi tí a pọn. Ọkọ̀ ojú irin náà kò sì pọ̀ bí dánfó: ẹni tí ó bá pàdánù èyí tí ó mọ àsìkò rẹ̀ yóò dúró dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi ro ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sínú rẹ̀, wákàtí kan kì í pé tí mo fi ń dé Yaba. Káàdì ni a fi ń sanwó, kọ̀ndọ́ kankan kò sì ní í so mí pọ̀ mọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí nítorí ṣéńjì, kí àwa méjèèjì wá máa fa náírà kan náà lójú títì. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé èmi fúnra mi ni mo ń jí àwọn ìbejì báyìí. Bí wọ́n bá ń wẹ̀, à ń ka ìṣirò pọ̀. Táyé ti mọ ìlọ́po mẹ́sàn-án lórí. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni a sì ń kó wọn lọ kí màmá alákàrà. Ẹni tí ó ṣeni lóore, a kì í kó jáde ní àdúgbò rẹ̀ kí a gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, màmá tí ẹ kọ lẹ́tà sí mi, èsì mi nìyí. Bí ọjà yín bá jẹ́ èyí tí ẹ ní láti máa fi ọkọ̀ kó ẹrù, ẹ rà á, irinṣẹ́ ni. Bí ẹ bá ní arúgbó tàbí aláìlera tí ẹ ń tọ́jú, tàbí ibi tí ẹ ń gbé bá jẹ́ ibi tí bọ́ọ̀sì kì í dé, ẹ rà á, n kò ní í bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rà á nítorí kí ẹ lè sáré ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ, ẹ mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ni ẹ fẹ́ di. Bí ó bá sì jẹ́ nítorí ohun tí àwọn aládùúgbò yóò wí ni, ẹ rántí Bàbá Onímọ́tò. Ìyá yín tí ó ní kí ẹ fi owó kún ọjà kò ṣìnà. Èmi yóò kàn fi ọ̀rọ̀ ìyàwó mi lé e: ẹ wò ó bóyá ẹ lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ìtòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ilé, ẹ má ṣe béèrè owó ilé nìkan. Ẹ jí ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, kí ẹ lọ wọ ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé náà dé ibi iṣẹ́ yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ ka wákàtí, ẹ ka owó ọkọ̀, ẹ fi kún owó ilé. Ìgbà náà ni ẹ ó tó mọ iye tí ilé náà jẹ́ gan-an. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń yà bọ́ sí ọ̀nà bọ́ọ̀sì ńlá nígbà tí ẹ kò rí ẹni tí yóò mú yín, ọmọ ẹnìkan lè wà ní ọsibítù tí ń dúró de ẹni tí ó wà nínú bọ́ọ̀sì náà.

Ẹ̀yin aláṣẹ pẹ̀lú, a kí yín fún èyí tí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n bùkátà wa ṣì pọ̀. Ogunlọ́gọ̀ tí ó wà ní Ìkòròdú, ní Badagry, ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè kó lọ sí ẹ̀bá ibùdó ọkọ̀ ojú irin bí èmi ti ṣe. Owó tiwọn kò tó, àwọn mìíràn sì ti kọ́lé síbẹ̀. Ẹ mú ohun tí ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà. Ẹ fi irin sí i, ẹ fi bọ́ọ̀sì sí i, ẹ fi ọkọ̀ ojú omi sí i, kí ẹ sì fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ rìn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ìlú tí ó bá jẹ́ pé mọ́tò nìkan ni ọ̀nà tí ó wọ ọjà rẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀nà náà bá dí, gbogbo wa ni a ó jọ jókòó sí i, olówó àti tálákà, onímọ́tò àti èrò dánfó, tí ọmọ yóò sì máa béèrè nílé bóyá ojú ọ̀nà ni a sùn sí.

Ó dìgbà kan ná o. Kí Ọlọ́run máa gbé wa dé ilé ní àsìkò tí àwọn ọmọ wa kò tíì sùn.